M'man Tine kò jẹ́ kí José wọ oko ìrèké

Nínú fíìmù Rue Cases-Nègres, ìdájí làwọn àgbà ti máa ń lọ sóko ìrèké, wọn kì í sì í wálé títí oòrùn á fi wọ̀. Àwọn ọmọdé ló máa ń ṣọ́lé. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ọmọdé máa ń fi irú àyè bẹ́ẹ̀ ṣe. Wọ́n tú yàrá kiri torí ṣúgà, wọ́n fọ́ abọ́, wọ́n rí ọtí líle níbì kan, wọ́n mu ún, nígbà tó yá iná ràn mọ́ ilé. Àwọn ọ̀gá oko wá fẹ́ kí wọ́n máa kó àwọn ọmọ náà lọ sóko, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì máa gba owó táṣẹ́rẹ́. Àwọn ọmọ tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. M'man Tine kọ̀ jálẹ̀ lórí José, ọmọ-ọmọ wọn. Wọn ò lówó lọ́wọ́, ara wọn ò fi bẹ́ẹ̀ dá, ọ̀gá oko sì lè lé wọn kúrò nígbàkígbà. Síbẹ̀, wọ́n ní José ò ní fẹsẹ̀ tẹ oko yẹn, ilé ìwé ló ń lọ.

Ibẹ̀ ni fíìmù náà ti mú mi. Àwọn èèyàn sábà máa ń pè é ní ìtàn ọmọ aláìní tí ìwé gbé dépò. Ní tèmi, ẹni tó ń sanwó ìwé náà lojú mi máa ń bá lọ. José mọ̀wé, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n kí ó tó ṣí ìwé lówùúrọ̀, ẹnì kan ti tẹ̀ mọ́ ìrèké láti òru.

Èdè Faransé ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ girama kan l'Abẹ́òkúta. Abúlé Faransé tó wà ní Àjárà, ní Àgbádárìgì, ni mo ti kọ́kọ́ rí fíìmù yìí, níbi tí wọ́n máa ń kó àwa tá à ń kọ́ èdè náà ní yunifásítì lọ kí ó lè yọ̀ mọ́ wa lẹ́nu. A ti ń wo oríṣiríṣi fíìmù Faransé níbẹ̀: àwọn tọkọtaya tó ń jà nínú ilé olówó ní Paris, àwọn ọlọ́pàá, àwọn tó ń mu kọfí tí wọn ò sì sọ ohun tó ń dùn wọ́n. Lọ́jọ́ kan wọ́n gbé èyí sí i. Arúgbó obìnrin dúdú kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé pákó, ó ń fa ìkòkò tábà, ó ń bá ọmọ wí. Gbogbo wa la dákẹ́. Láti ìgbà tí mo ti di tíṣà, kò sí kíláàsì SS2 kan tó bọ́ sọ́wọ́ mi tí kò wò ó.

Martinique ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, erékùṣù kan nínú òkun Kàríbíánì tó wà lábẹ́ ilẹ̀ Faransé títí dòní. Ọdún 1848 ni oko ẹrú dópin níbẹ̀. Ìtàn José bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1930, tó jẹ́ pé ọmọ-ọmọ àwọn ẹrú ṣì ń gé ìrèké fún ọmọ-ọmọ àwọn tó ni wọ́n. Béké ni wọ́n ń pe àwọn òyìnbó onílẹ̀ náà. Rue Cases-Nègres ni òpópónà tó gba àárín ilé pákó àwọn alágbàṣe: ilẹ̀ béké ni, oko tó yí i ká, ti béké ni. Lọ́jọ́ owó, wọ́n á tò, wọ́n á máa pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa wo ojú àwọn òṣèré níbi ìran yẹn. Ẹni tí wọ́n bá pè á dé iwájú pẹ̀lú ìrètí, á gbowó, á wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, á sì wo ẹni tó fún un. Àwọn kan ráhùn, àwọn kan ò lágbára àtiráhùn mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, wọ́n lùlù, wọ́n jó. Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń bi mí pé kí ni wọ́n ń jó sí. Èmi náà á bi wọ́n pé ṣé àwọn ò tíì rí ibi tí èèyàn ti gbowó tí kò tó gbọ́ bùkátà, tó sì tún lọ sóde àríyá lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Joseph Zobel ló kọ ìwé ìtàn àròsọ tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà. Ọdún 1915 ni wọ́n bí i ní Rivière-Salée, ní Martinique, ìyá ìyá rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lóko ìrèké ló sì tọ́ ọ. Ọdún 1950 ni ìwé náà jáde, ayé òun fúnra rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Euzhan Palcy tó darí fíìmù náà, ọmọ Martinique lòun náà, ọdún 1958 ni wọ́n bí i. Ọ̀dọ́mọdé ni nígbà tó ka ìwé Zobel, kò sì jẹ́ kí ó kúrò lọ́kàn òun. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní Paris. François Truffaut, ọ̀kan nínú àwọn àgbà olùdarí ilẹ̀ Faransé, gbà á níyànjú, Aimé Césaire, akéwì tó tún jẹ́ méyọ̀ ìlú Fort-de-France, sì dúró tì í. Nígbà tí fíìmù náà jáde lọ́dún 1983, ọmọ ọdún 25 ni Palcy. Mo máa ń sọ ọjọ́ orí yẹn fáwọn ọmọbìnrin kíláàsì mi, mo sì máa ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Zobel fúnra rẹ̀ wà nínú fíìmù náà. Òun ló ṣe àlùfáà. Inú mi máa ń dùn tó bá yọjú, bí ìgbà tí onílé bá yọ wá kí àlejò tó wà ní pálọ̀.

Ẹni tó ń kọ́ José lẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe tíṣà. Bàbá Médouze ni, àgbàlagbà kan tó ti gbẹ bí igi, tó ń dá gbé. Tílẹ̀ bá ti ṣú, José á sá lọ bá wọn nídìí iná. Bàbá á ké "Titim!", José á dáhùn pé "Bwa sèk!", àlọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àlọ́ àpamọ̀ pọ̀ lẹ́nu àwọn ará Martinique. Wọ́n á béèrè lọ́wọ́ rẹ pé omi wo ló dúró lóòró, ìrèké ni. Omi wo ló so rọ̀ sókè? Àgbọn ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi ìran yẹn han kíláàsì, n kò tíì ṣàlàyé ohunkóhun tí ọmọkùnrin kan lẹ́yìn fi ké "Ààlọ́ o!", tí gbogbo kíláàsì sì dá a lóhùn pé "Ààlọ̀!" Mo dá fíìmù dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa á fún ara wọn: òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò. Wọ́n pa èyí tí wọ́n mọ̀ tán kí n tó rójú bá fíìmù lọ. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún wọn ibi tí àwọn tí wọ́n kó gòkè òkun ti kó irú eré yẹn lọ.

Lẹ́yìn àlọ́ ni Bàbá Médouze máa ń sọ ìtàn tí bàbá tiwọn sọ fún wọn: bí àwọn òyìnbó ṣe mú wọn ní Áfíríkà, bí òmìnira ṣe dé, bí wọ́n ṣe ń sá ká erékùṣù náà pẹ̀lú orin àti ijó, títí ebi fi dá wọn dúró. Wọ́n wá rí i pé béké ló ṣì ni gbogbo ilẹ̀, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n sá kúrò. José bi wọ́n pé ṣé wọ́n máa lọ sí Áfíríkà. Bàbá ní táwọn bá kú làwọn máa lọ, ṣùgbọ́n àwọn ò ní lè mú un dání. Wọn ò sọ ọ́ bí ẹni tó ń sunkún. Bí ẹni tó ń ṣètò ìrìn àjò ni wọ́n ṣe sọ ọ́.

Douta Seck ló ṣe Bàbá Médouze, ọmọ ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl. Mi ò rò pé ẹlòmíì lè ṣe é bẹ́ẹ̀. Zobel náà gbé ní Sẹ̀nẹ̀gàl fún ọ̀pọ̀ ọdún, láti ọdún 1957, ó ṣiṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ àti ti rédíò níbẹ̀. Nítorí náà, Áfíríkà tí Bàbá Médouze ń retí, ẹni tó kọ ìwé ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ débẹ̀ kí wọ́n tó ya fíìmù.

Alẹ́ ọjọ́ kan, Bàbá Médouze ò wálé. Gbogbo àdúgbò gbé iná, wọ́n ń wá wọn kiri inú ìrèké, wọ́n ń pe orúkọ wọn. Inú oko ni wọ́n ti rí òkú wọn. Ẹni tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ gé ìrèké, àárín ìrèké náà ló kú sí. Nígbà tí wọ́n ń ṣe àìsùn òkú, ẹnì kan dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìtàn, àwọn èèyàn ń gbè é. Ẹ̀rín wà níbẹ̀, ọtí wà níbẹ̀. Àwa tá a mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe òkú àgbà ò nílò àlàyé.

Ibi tí mo ti fẹ́ bá àwọn tó fẹ́ràn ìwé ju fíìmù lọ jiyàn nìyí. Nínú ìwé Zobel, ìyá José wà láàyè. Délia lorúkọ rẹ̀. Fort-de-France ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló sì wá ń tọ́jú José nígbà tí ọmọ náà wọ ilé ẹ̀kọ́ girama nílùú. Palcy mú Délia kúrò. Nínú fíìmù, ìyá José ti kú, kò sẹ́lòmíì mọ́. Nígbà tí José wọlé ẹ̀kọ́ ní Fort-de-France, M'man Tine fúnra wọn ló di ẹrù, tí wọ́n tẹ̀ lé e lọ sí ìlú tí wọn ò mọ ẹnì kankan, wọ́n gba yàrá kótópó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ aṣọ àwọn olówó. Àwọn kan ní Palcy jẹ ìwé náà run níbẹ̀. Mo gbà pé Délia dùn ún kà, àti pé ìnira tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé, èèyàn méjì ló pín ẹrù náà gbé. Palcy kó gbogbo rẹ̀ lé orí arúgbó kan ṣoṣo, a sì ń rí i bí ó ṣe ń wúwo sí i. Ẹ máa wo bí wọ́n ṣe ń mí lẹ́yìn tí wọ́n bá gun òkè. Ẹ máa wo bí wọ́n ṣe ń di àyà mú, tí wọ́n sì ń díbọ́n pé kò sí nǹkan.

Darling Légitimus ló ṣe M'man Tine. Ọmọ Martinique ni, ó ti jó nínú eré pẹ̀lú Josephine Baker, gbajúmọ̀ oníjó àti akọrin, ní Paris nígbà èwe rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ sì jẹ́ ọdún 75 nígbà tí wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ òṣèrébìnrin tó peregedé jù ní àjọ̀dún fíìmù Venice, lọ́dún 1983. Fíìmù náà gba Kìnnìún Fàdákà níbẹ̀, èyí tó wà fún iṣẹ́ àkọ́ṣe. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó gba àmì ẹ̀yẹ César ní ilẹ̀ Faransé.

Ìyá àgbà tó tọ́ èmi náà, aláró ni wọ́n, ní Ìtọ́kú. Ewé èlú àti omi eérú ti bá ọwọ́ wọn débi tí kò sí ọṣẹ tó lè bọ́ ọ. Láti ìka dé ìgúnpá, ó dúdú, ó sì ní àwọ̀ búlúù lábẹ́ rẹ̀, èékánná wọn ò tún padà sí bó ṣe wà. Wọn kì í jẹ́ kí n tọwọ́ bọ ìkòkò aró. Tí mo bá ní kí n ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n á ní kí n lọ mú ìwé mi wá, kí n jókòó síbi tí àwọn á ti máa rí mi. Wọn ò lè ka orúkọ tí mo kọ sẹ́yìn ìwé náà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí íńkì pupa tíṣà túmọ̀ sí. Wọ́n á yí ìwé náà padà lójú ewé kan sí òmíràn, ibi tí pupa bá pọ̀ sí, wọ́n á fi ìka aró yẹn tẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní, "Ìwọ, kí ló ṣẹlẹ̀ níbí?" Àmì ìka wọn wà lórí gbogbo ìwé tí mo lò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nítorí èyí, nígbà tí mo rí M'man Tine tí wọ́n ń kọ̀ fún José, n kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi ohun tí kíkọ̀ náà ná wọn.

Palcy ò sì bo ohun tó ń ná wọn mọ́lẹ̀. Kí José lè rí oúnjẹ ọ̀sán jẹ nítòsí ilé ìwé, M'man Tine fà á lé Madame Léonce lọ́wọ́. Obìnrin yìí sọ ọmọ náà di ọmọ ọ̀dọ̀: kó fọ abọ́, kó nu bàtà, kó ṣe èyí, kó ṣe tọ̀hún, títí tó fi ń pẹ́ dé kíláàsì. José ò lè sọ nílé, torí ó mọ̀ pé ìyá àgbà òun ti fi ẹ̀dùn bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó gba òun. Lọ́jọ́ kan ó fi òkò fọ́ abọ́ obìnrin náà, ó sì sá lọ. Kíláàsì mi máa ń pàtẹ́wọ́ níbẹ̀, mi ò sì í dá wọn dúró.

Ẹni tó máa ń dùn mí jù ni Tortilla. Ọmọbìnrin ni, ilé ìwé kan náà lòun àti José ń lọ, orí rẹ̀ sì pé. Tíṣà wọn, Stephen Roc, tó gbà pé ìwé ni kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí ilẹ̀kùn kejì sí òmìnira, fẹ́ kí ó tẹ̀ síwájú. Bàbá rẹ̀ ní rárá. Ó ní àbúrò, owó ò sí, ẹ̀kọ́ tó ti kọ́ ti tó. Fíìmù náà ò pariwo lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni, José lọ, Tortilla dúró. Ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ tí mo ti kà lórí fíìmù yìí ò dárúkọ rẹ̀ rárá. Mo bẹ yín, tẹ́ ẹ bá wò ó, ẹ wá a.

Léopold náà wà, ọ̀rẹ́ José, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ béké, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Bọ̀rọ̀kìnní lọmọ náà, bàtà rẹ̀ ń dán. Nígbà tí bàbá rẹ̀ wà lórí ibùsùn ikú, ìyá Léopold bẹ̀ ẹ́ kó fún ọmọ náà ní orúkọ ìdílé rẹ̀. Ó kọ̀, ó ní orúkọ ìdílé òun kì í ṣe ti irú wọn. Léopold ń gbọ́ ọ. Níkẹyìn, ó fẹ́ jí ìwé ìṣirò oko kó lè fi hàn pé wọ́n ń rẹ́ àwọn alágbàṣe jẹ, wọ́n sì mú un. Bí wọ́n ṣe ń fà á lọ, àwọn ará oko dúró, wọ́n ń kọrin. Ìran yẹn le, ó sì yẹ kó le.

Palcy tẹ̀ síwájú láti ṣe A Dry White Season lọ́dún 1989, lórí ìwé André Brink nípa ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, Marlon Brando sì wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 2022, wọ́n fún un ní Oscar ìdánilọ́lá. Mo gbádùn iṣẹ́ yẹn náà, ṣùgbọ́n Martinique rẹ̀ ni mo máa ń padà sí.

Nínú ìwé Zobel, José ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà nígbà tí wọ́n kú. Ọwọ́ wọn ló ń rò, ọwọ́ tí ìrèké ti gé, tó ti le. Nínú fíìmù, Palcy mú un dé ibẹ̀. M'man Tine padà sí Rue Cases-Nègres, àìsàn dá wọn gúnlẹ̀, José dé, wọ́n sì kú. Ó bu omi, ó wẹ ẹsẹ̀ wọn. Kò sí orin ńlá níbẹ̀. Ohùn José ló sọ pé M'man Tine ti lọ bá Bàbá Médouze ní Áfíríkà wọn, àti pé òun ń padà sí Fort-de-France, òun á sì gbé Rue Cases-Nègres òun dání. Kò sí ọmọ kíláàsì mi kan tó máa ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, títí kan àwọn tó ti ń fi fóònù ṣeré lábẹ́ tábìlì.

Àríyànjiyàn wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn náà, ibì kan náà ni kì í sì í tán sí. José kọ àròkọ kan nílé ẹ̀kọ́ girama nípa ikú Bàbá Médouze àti àwọn ará ilé rẹ̀. Ó dára ju ohun tí olùkọ́ rò pé ọmọ aláwọ̀ dúdú láti oko ìrèké lè kọ, nítorí náà ó ní ó dà á kọ ni, lójú gbogbo kíláàsì. José kó ìwé rẹ̀, ó jáde. Lẹ́yìn náà olùkọ́ wá a délé, ó tọrọ àforíjì, ó tún jẹ́ kó rí sikọ́láṣíìpù ní kíkún dípò ìdá mẹ́rin tó ń gbà. Àwọn ọmọkùnrin ní ọ̀rọ̀ ti parí, owó ti dé. Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan dìde, ó ní, "Màdáàmù, gbangba ló ti pè é lólè. Kí ló dé tó jẹ́ inú yàrá ló ti wá ń bẹ̀ ẹ́?" Wọ́n ní kó jókòó. Kò jókòó. Ó ní tó bá jẹ́ pé òótọ́ ni àforíjì náà, kíláàsì ló yẹ kó ti ṣe é, níwájú àwọn tó gbọ́ èébú. Ó ní sikọ́láṣíìpù yẹn ti wúlò fún M'man Tine, àmọ́ kò fọ orúkọ José mọ́ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Tirẹ̀ ni mo ṣe, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Mo wá ní kí gbogbo wọn lọ kọ lẹ́tà ní Faransé, láti ọwọ́ M'man Tine sí olùkọ́ náà, bí ẹni pé wọ́n mọ̀wé kọ. Ojú ewé mẹ́ta ni ọmọbìnrin yẹn kọ. Ó fi ìkíni bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó béèrè àlàáfíà ìdílé olùkọ́, ó dúpẹ́ owó, kó tó bi í bóyá ó máa wọ kíláàsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè láti tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Gírámà ibẹ̀ ò pé, mo tún un ṣe níbi tó yẹ. Máàkì tí mo fún un, kò sẹ́ni tó gba jù ú lọ nínú kíláàsì, mo sì ka lẹ́tà náà sétígbọ̀ọ́ gbogbo wọn.